Ìjókòó Kìíní Nínú Abẹ́sómi

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, Abẹ́sómi dúró gbọnin lórí òkè irin rẹ̀, ní mítà méjìlélógójì sókè ojú omi, pẹ̀lú ènìyàn méjì nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ìbíyẹmí Ọdúnlámì, ẹnjiníà tí ó ya àwòrán ọkọ̀ náà, tí ó sì mójú tó kíkọ́ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó, ni ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀pá pupa tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tí ó sì fà á wálẹ̀. Eyín irin abẹ́ ọkọ̀ há mọ́ ṣéènì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kọ́, kọ́, kọ́, imú ọkọ̀ sì dúró sí ibi tí ojú irin ti ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ó bá tún sún síwájú ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì péré, kò sí ohun tí ó lè dá a dúró mọ́ bí kò ṣe omi.

Bàbá rẹ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, bẹ́líìtì sì dè é mọ́ ìjókòó láti èjìká dé itan. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì tún wo ìsàlẹ̀.

"Ṣé a ti dé nìyẹn?" ni ó béèrè.

Gbohùngbohùn tí ó wà níwájú wọn ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn Fọ́látéjù Adégbìtẹ́ ni, Alábòójútó tí ìjọba rán wá láti jẹ́rìí sí ìrìn àkọ́kọ́ náà. Ohùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé ìpè.

"Ẹnjiníà Ọdúnlámì, ẹ ti fa ọ̀pá. Gbogbo òǹwọ̀n ni ó ń tan iná àwọ̀ ewé. Ẹ sọ ìdí."

Lórí gíláàsì kékeré tí ó wà lẹ́bàá orúnkún rẹ̀, òǹkà kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn láti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Òfin fàyè ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gba ìbẹ̀rù. Bí ẹni tí ó fa ọ̀pá kò bá sọ ìdí tí òfin mọ̀ kí òǹkà náà tó dé òdo, ẹ̀rọ yóò tú eyín náà fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ìbíyẹmí ní ìdí. Ṣùgbọ́n orí ahọ́n bàbá rẹ̀ ni ìdí náà wà, òfin kò sì ka ahọ́n mọ́ òǹwọ̀n.

Ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kò sí ìbẹ̀rù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Ọdúnlámì ti wọ bùbá funfun, ó ti fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, ó sì ti béèrè omi mímu. Wọ́n bu ife kan fún un. Bí ó ti gbé e mì, ẹ̀gbà tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ dún, nọ́ńbà ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ láti mẹ́rin sí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìyẹn ni iye lítà omi dídùn tí ó kù fún un di ọjọ́ kejì. Ó wo ẹ̀gbà náà tẹ̀gàntẹ̀gàn.

"Kò jẹ́ kí ènìyàn mu omi kó gbàgbé," ni ó wí.

Fọ́látéjù mú wàláà rẹ̀ wá síwájú bàbá náà, ó sì ní kí ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ tí ó tín-ín-rín ju irun lọ yọ jáde, ó gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ó sì wọlé padà. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí òfin là sílẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Bàbá, kí ni ẹ jẹ́ sí ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni mo bí i."

"Ṣé tìfẹ́tìfẹ́ ni ẹ fi wá?"

"Ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kó wá. Ó ní òun kò lè gun ohun tí òun kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ bí inú bá bí òun."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Fọ́látéjù kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tìfẹ́tìfẹ́ ni bàbá náà fi wá.

Kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí òfin Ìjókòó Kìíní ṣàjèjì sí. Láti ìgbà tí afárá kan ti já ní ìlú Ìdí-Ọ̀sà, tí wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó kọ́ ọ kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí, ni òfin náà ti dé: ohunkóhun tí yóò bá gbé ènìyàn, ẹni tí ó kọ́ ọ àti ẹnì kan tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ìbíyẹmí ti bá ìyá rẹ̀ kọjá lórí afárá méjì. Ó ti bá àbúrò rẹ̀ gun ẹ̀rọ agbéniròkè ilé alájà ọgbọ̀n, àbúrò náà sì sun oorun kí wọ́n tó dé òkè. Ó ti di bí àṣà ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ènìyàn a wọ aṣọ tí ó mọ́, a jókòó, a gùn ún, a sọ̀ kalẹ̀, ìjọba a sì lu òǹtẹ̀ sí iṣẹ́ náà.

Àwọn ọgọ́ta ènìyàn tí ìbò mú láti gùn ún lẹ́yìn wọn ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Bí òǹtẹ̀ bá ti dé, àwọn ni ó kàn.

Ọkọ̀ ìṣeré ni Abẹ́sómi; kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi pátápátá, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ojú irin pátápátá. Ara rẹ̀ rí bí ọkọ̀ apẹja, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún ni ó wà lábẹ́ rẹ̀: mẹ́jọ tí ó ń yí lórí irin, mẹ́rin tí ó di irin mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́rin tí ó há a mọ́ láti ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ má baà fò kúrò lójú irin níbi tí irin bá ti yọ gọngọ. Níbi tí omi bá ti jìn, ọkọ̀ a máa léfòó. Níbi tí irin bá ti yọ jáde, kẹ̀kẹ́ a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ omi. Ṣéènì ni ó ń fà á gun òkè. Ní ìsọ̀kalẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó ń wà á. Ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò gbé e wálẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì ti tó àádọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá fi máa kan adágún ìsàlẹ̀.

Adágún náà ni bíréèkì. Èyí ni ohun tí Ìbíyẹmí máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Irin kò pin sí etí omi; ó wọ inú adágún lọ, ó sì dúró lórí àwọn òpó kúkúrú. Omi gbọ́dọ̀ bo irin náà ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rin bí a bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ adágún. Bí ó bá dín, ọkọ̀ yóò kọjá lọ, yóò sì lọ kọlu ògiri. Bí ó bá lé, kì í ṣe ìdí ọkọ̀ nìkan ni yóò gé omi lójú mọ́. Imú rẹ̀ gan-an ni yóò wọ inú omi, omi yóò sì dúró dè é bí símẹ́ńtì. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe fúyẹ́ tó ni ìdádúró náà yóò ṣe le tó. Ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn mẹ́rìndínlógún lè rọ́jú. Èyí tí ó gbé ènìyàn méjì kò ní agbára àtirọ́jú.

Wọ́n ti dán an wò ní ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá, pẹ̀lú àpò omi lórí ìjókòó dípò ènìyàn, àti láìsí àpò kankan rárá. Kò ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Kejì ni wọ́n ṣe ìdánwò náà, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, tí eruku sì bo gbogbo ọ̀sà. Oṣù Kẹta ni ó yẹ kí ìrìn àkọ́kọ́ wáyé. Ṣùgbọ́n àwọn Alábòójútó kò tó nǹkan, iṣẹ́ tí ó ń dúró dè wọ́n sì pọ̀, nítorí náà wọ́n sún ọjọ́ náà sí Oṣù Kẹfà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko kí ọjọ́ náà tó pé.

Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ ní òwúrọ̀ náà, Ìbíyẹmí sì rí i. Òfin ní kí wọ́n fa omi tuntun sínú adágún lọ́jọ́ ìrìn àkọ́kọ́, láti inú ọ̀sà, nítorí pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí ó bá fi omi dídùn ṣeré. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀rọ ìfami máa ń lò. Ní òwúrọ̀ yìí, mọ́kànlélógójì ni ó lò kí ó tó pa ara rẹ̀. Ìbíyẹmí béèrè lọ́wọ́ Mojírọ́lá, obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ omi, ohun tí ó fà á. Mojírọ́lá ní ojú oró ni, pé òjò ti gbá a jọ sí ẹnu páìpù, kò sì jẹ́ kí omi wọlé dáadáa. Ìdáhùn náà mọ́gbọ́n dání. Òǹwọ̀n adágún ń tan iná àwọ̀ ewé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọgbà adágún, Fọ́látéjù fi èdìdì dì í, ó sì di èèwọ̀ láti ìgbà náà kí ọwọ́ ènìyàn kan omi.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àti ọmọ wọ inú ọkọ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ kékeré kan wà ṣáájú òkè ńlá, kò ju mítà mẹ́rin lọ. Wọ́n ṣe é láti fi ẹ̀rín sí àwọn arìnrìnàjò lẹ́nu kí àyà wọn tó já. Ọkọ̀ yọ́ wálẹ̀, omi ọ̀sà fọ́n sókè, ó sì dà lé àwọn méjèèjì lórí. Bàbá Ọdúnlámì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó lá ètè.

"Ọ̀sà ti dùn," ni ó wí.

Ìbíyẹmí rò pé àwàdà ni. Ó rán an létí pé omi iyọ̀ ni ọ̀sà. Bí ó ti wà nínú ìwé òfin nìyẹn: láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun àtijọ́, ọ̀sà jẹ́ omi iyọ̀ láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá. Bí ó ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì náà nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ọwọ́ kan ọ̀sà rí láìwọ ìbọ̀wọ́, nítorí ìdọ̀tí tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kéré sí ogójì ọdún ní Ìdí-Ọ̀sà tí ó lè sọ bí ó ti rí lẹ́nu.

Bàbá rẹ̀ mi orí. Ogún ọdún ni ó fi dẹ àwọ̀n kí wọ́n tó kó gbogbo apẹja kúrò lójú omi.

"Àwẹ̀ró, òfin kò pẹja rí. Bí òjò bá ti rọ̀ dé Oṣù Kẹfà, odò òkè a tú sínú ọ̀sà, a sì lé iyọ̀ padà sí òkun. À ń bù ú mu nínú ọkọ̀ nígbà náà. Bí ọyẹ́ bá dé, iyọ̀ a tún padà wá."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń sọ pé ọjọ́ ti kan àtàrí, ó sì yí ojú sí òkè irin tí ó ń bọ̀ níwájú. Ṣéènì gbá ọkọ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n gòkè.

Ìbíyẹmí kò kọ́kọ́ ronú kan adágún. Ọ̀pá bàbà ni ó wá sí i lọ́kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bọ́ọ̀lù ike kan ni ó ń léfòó nínú adágún láti sọ bí omi ti ga tó, ṣùgbọ́n ojú oró ń wé mọ́ ọn lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dábàá pé kí wọ́n yọ ọ́. Ó fi ọ̀pá bàbà méjì rọ́pò rẹ̀. Iná mànàmáná díẹ̀ ń ti ara ọ̀pá kan gba inú omi lọ sára èkejì. Bí omi bá ṣe ń gun ọ̀pá sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ó ń kọjá ń pọ̀ sí i. Bí ó bá ti tó iye tí wọ́n là sílẹ̀, ẹ̀rọ ìfami a pa ara rẹ̀. Ó mọ́, kò wọ́n, kò sí ohun tí ojú oró lè wé mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ó ń gbé iná kọjá nínú omi. Bí iyọ̀ bá dín, iná a dín, omi yóò sì ní láti gun ọ̀pá ju bí ó ti yẹ lọ kí òǹwọ̀n tó gbà pé ó ti tó.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìfami òwúrọ̀ náà fi lé. Sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ ni ẹ̀rọ ìfami ń fi kún adágún ní ìṣẹ́jú kan. Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì bí ṣéènì ti ń dún lábẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ojú oró ni ó dí páìpù, adágún wà bí ó ti yẹ. Bí kì í bá ṣe ojú oró, sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gbọ̀n ni omi fi lé. Láti òkè, kò sí ojú tí ó lè fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì. Adágún ń dán nísàlẹ̀ bí àwo.

Nígbà náà ni ó fa ọ̀pá pupa.

"Alábòójútó," ni ó wí nísinsìnyí sí gbohùngbohùn, "mo fẹ́ kí Mojírọ́lá ki igi bọ adágún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ó sọ bí omi ti ga tó."

Fọ́látéjù dáhùn pé òun kò lè gbà á láyè. Ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kan omi tí òǹwọ̀n ti jẹ́rìí sí. Ó béèrè bóyá òǹwọ̀n kankan ta ko èyí tí ó wà lára adágún. Ìbíyẹmí ní kò sí. Ó béèrè ohun tí ó wá gbé ìbéèrè náà karí. Ìbíyẹmí sọ òtítọ́: omi ta sí bàbá òun lẹ́nu, bàbá òun sì ní kò níyọ̀.

Nígbà tí Alábòójútó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, èyí sì dẹ́rù ba Ìbíyẹmí ju ti ìṣáájú lọ.

"Ẹnjiníà, mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ ahọ́n sínú ìwé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà tí ọwọ́ fi lè kan omi yẹn, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lè kọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó sọ pé kò yẹ ní gígùn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba, kí Olùgbọ́, ẹ̀rọ tí ó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ sílẹ̀, sì gbà á. Bí ó bá ti sọ ọ́, eyín irin yóò tì pa, wọn yóò sì fi ọwọ́ wọn ohun gbogbo. Bí wọ́n bá rí àbùkù, yóò tún un ṣe, yóò sì tún gùn ún. Bí wọn kò bá rí i, wọn yóò fọ́ èdìdì rẹ̀, èyí tí ìjọba fi fún un láti máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fọ́ èdìdì rẹ̀ kò ní kọ́ ohunkóhun tí ènìyàn yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ títí ayé, ìbáà ṣe àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ?" Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Omi yẹn."

"Ahọ́n mi ti darúgbó. Kò tíì gbàgbé iyọ̀."

"Ẹ̀kán díẹ̀ ni ó kàn yín lẹ́nu. Ó lè jẹ́ omi òjò ni ó dúró sínú kòtò ìsọ̀kalẹ̀ kékeré yẹn."

Bàbá náà ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìbíyẹmí rí i pé kò ronú nípa ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni ó wí níkẹyìn. "N kò ní purọ́ fún ọ lórí òkè irin báyìí."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ọgọ́ta ènìyàn náà ti gbé ojú sókè. Ẹnì kan nínú wọn ń fi aṣọ ìnujú juwọ́ sí wọn.

Bàbá rẹ̀ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá ṣì í. Ìbíyẹmí sọ fún un nípa èdìdì. Bàbá náà béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun kò bá ṣì í, tí ọmọ rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ọkọ̀ yóò dúró lójijì," ni Ìbíyẹmí wí. "Àwa tí a wà nínú rẹ̀ kò ní dúró."

Bàbá náà fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì èjìká rẹ̀, bí ẹni tí ó ń yẹ okùn ọkọ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí Ìbíyẹmí kò fẹ́ gbọ́.

"Bí ó bá jẹ́ nítorí tèmi ni, má kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo ti jẹ ẹja tó. Bẹ́líìtì yìí ṣeé tú, mo rí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí. N ó sọ fún wọn pé ẹ̀rù bà mí."

"Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ìrìn náà kò wúlò. Òfin ti ẹ̀jẹ̀ nìyẹn."

"Nígbà náà a ó jọ lọ ni, tàbí a ó jọ jókòó. Ìwọ ni o kọ́ ọ. Èmi kàn wá gùn ún ni."

Ó yí ojú sí ọ̀sà. Ìbíyẹmí mọ ìṣe rẹ̀ yìí láti kékeré. Bàbá rẹ̀ kò ní sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, ìbáà jẹ́ pé ó béèrè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ó gbìyànjú láti ronú bí ẹnjiníà. Òǹwọ̀n kan sọ pé omi pé. Aago kan sọ pé omi lè lé. Ahọ́n kan sọ pé omi dùn, ẹni tí ó ni ahọ́n náà sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun ṣì í. Òun ni ó yan ọ̀pá bàbà. Òun ni ó dán an wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì gba ìwé gbọ́ pé ọ̀sà kì í yí padà. Bí àbùkù bá wà, tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò bá a pín in. Bí kò bá sì sí, yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iṣẹ́ ọdún mẹ́rin nù nítorí ẹ̀kán omi kan lórí ètè arúgbó.

Ó tún wo adágún. Ó gbìyànjú láti rí ibi tí omi dé lára ògiri. Oòrùn ta sí i lójú.

Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Gbohùngbohùn dún wìì díẹ̀. Fọ́látéjù kàn ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀ ni. Lábẹ́ ìjókòó, Ìbíyẹmí gbọ́ ìró kékeré kan. Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti tú eyín.

"Olùgbọ́," ni ó wí.

"Mò ń gbọ́," ni ẹ̀rọ náà dáhùn.

"Èmi, Ìbíyẹmí Ọdúnlámì, tí mo kọ́ Abẹ́sómi, tí mo sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ mi, mo kọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Omi adágún lé. Òǹwọ̀n tí mo fi síbẹ̀ kò mọ omi dídùn."

"Mo gbà á. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ohun wíwúwo kan wálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, gbì, gbogbo òkè irin sì gbọ̀n. Eyín ti tì pa. Òǹkà dúró sórí ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún, ó sì kú. Bàbá Ọdúnlámì mí kanlẹ̀.

"Ó ti tán?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá."

Òfin kò gbà kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí ìdájọ́ tó dé. Wọ́n jókòó, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bùbá bàbá náà bí ìgbòkun. Nísàlẹ̀, Fọ́látéjù fúnra rẹ̀ já èdìdì ilẹ̀kùn ọgbà adágún. Mojírọ́lá tẹ̀ lé e wọlé. Láti òkè, àwọn méjèèjì kò tóbi ju ìka lọ. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi wọn omi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ọwọ́ wọn ohunkóhun ní ọgbà náà. Wọ́n wá igi kiri fún ìṣẹ́jú méjì. Mojírọ́lá ni ó rí ọ̀pá ìfọlẹ̀ kan níkẹyìn. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì ìdí rẹ̀, ó rìn dé etí adágún, ó kúnlẹ̀, ó sì kì í bọ omi tààrà títí ó fi kan ilẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó yọ ọ́. Ó fi èékánná sàmì sí ibi tí omi dé, ó sì tẹ́ ọ̀pá náà sílẹ̀. Fọ́látéjù na téèpù lé e. Àwọn méjèèjì tẹ̀ ba síbẹ̀. Fọ́látéjù ká téèpù kúrò, ó tún un nà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohùn Mojírọ́lá ni ó kọ́kọ́ dé inú gbohùngbohùn, kò dúró kí wọ́n fún òun láyè.

"Ẹnjiníà wa, ọ̀kan lé lọ́gọ́rùn-ún ni mo rí. Ẹ gbọ́ mi? Ọ̀kan lé lọ́gọ́rùn-ún."

Alábòójútó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ pé ọ̀pá ìfọlẹ̀ kì í ṣe òǹwọ̀n, pé ojú kan kò tó, àti pé ilẹ̀ adágún lè ṣe kòtò níbi tí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní òdìkejì ọ̀sà fún ọ̀pá ìwọ̀n tí ó ní òǹtẹ̀. Ojú mẹ́ta ni wọn yóò ti wọ̀n ọ́n. Kò sọ pé irọ́ ni. Ìbíyẹmí kíyè sí i pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá iye náà dára tàbí kò dára. Ìbíyẹmí la ẹnu láti ṣàlàyé pé ó fi mẹ́rìnlélógún lé ohun tí ó yẹ, pé àbùkù iṣẹ́ òun ni, ó sì rí i pé òun kò mọ èyí tí òun ń gbàdúrà fún mọ́. Ó sọ fún un pé kí wọ́n mú sùúrù.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọkọ̀ tí ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n náà kò tíì kúrò ní èbúté òdìkejì. Lórí gíláàsì ẹ̀bá orúnkún rẹ̀, Olùgbọ́ ti kọ ìlà kan ṣoṣo: *Omi adágún, sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wọ̀n ọ́n. A kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.*